Wọ́n Ní Èmi Ni Ìyá Oyèdélé

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Anglo Jos,
                                        Jos, Ìpínlẹ̀ Plateau.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Falilat, Ìyá Lááwàlì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà láti kékeré,

Ṣé dáadáa ni o wà? Báwo ni Ọ̀yọ́, báwo ni gbogbo ilé? Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá Lááwàlì ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Lááwàlì àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó, àbí ó ṣì ń wó bí àpò ìrẹsì? Ẹ kú ooru ọ̀hún o. Níhìn-ín, òtútù ti dé, ètè gbogbo wa ti ń là, kóòtù ni mo wọ̀ jókòó kọ ìwé yìí. A wà láàyè, a dúpẹ́. Bàbá Inúmidùn ní kí n kí ọ, ó ní ó ti pé ọdún méjì tí o ti ṣèlérí àádùn fún òun.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, pé n kò pè ọ́. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi náà ni mo sì ń pa á kí o tó gbé e. Mo mọ̀ pé tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó fi bọ̀ ọ́, o ò sì ní gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí mò ń sọ. Ìyá Jóṣúà, aládùúgbò wa, ló ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ Jímọ̀, òun ni n ó fi í rán sí ọ. Jókòó kí o tó kà á, ọ̀rọ̀ náà gùn.

O mọ̀ nípa eré orí tẹlifíṣọ̀n tí mò ń ṣe láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, o sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó. Jẹ́ kí n ṣáà sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè bá mi rí ibi tó ti wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Gangare, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù, ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, tí kànga wà láàrin, tí yàrá mẹ́jọ sì kọjú síra wọn. Ibẹ̀ ni àwọn òṣèré wá yá. Wọ́n pe eré náà ní Tsakar Gidanmu, ìyẹn Àgbàlá Ilé Wa, nítorí pé ẹnu Jos ni wọ́n fi ń sọ ọ́: Yorùbá lọ́tùn-ún, Haúsá lósì, pìjíìnì á tún gba àárín kọjá. Tọkọtaya kan, Oyèdélé àti Peace ìyàwó rẹ̀, ni eré náà dá lé lórí. Àwa yòókù kàn wà yí wọn ká ni. Á ku díẹ̀ kí wọ́n jẹun, ọ̀kan nínú wa á ti ilẹ̀kùn wọlé, á sọ̀rọ̀ méjì tí àwọn èèyàn á fi rẹ́rìn-ín, á tún jáde.

Obìnrin tó yẹ kó ṣe ìyá Oyèdélé kò wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jíbọ́lá, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ eré náà sílẹ̀, yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó bá èmi àti oníbàárà kan níbi tí a ti ń jà lórí síìpù tó já. Ó ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ wá bá wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ níwájú kámẹ́rà." Bí mo ṣe kó sí i nìyẹn. Ìwọ náà rántí pé nínú eré Kérésì ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi ni mo máa ń ṣe ìyàwó onílé tó ní kò sí àyè, tí ìwọ á sì máa wò mí láti ojú fèrèsé. Ó ti wà lára mi tipẹ́.

Èèyàn burúkú ni Ìyá Oyèdélé yìí o. Etí ìró rẹ̀ ló ń so kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná mọ́. Agolo mílíìkì ló fi ń wọn ìrẹsì fún ìyàwó ọmọ rẹ̀, á tún fi ọwọ́ gbá ojú agolo kó lè tẹ́jú. Á yọ́ lọ da iyọ̀ sí ọbẹ̀ Peace, kí ọmọ rẹ̀ lè sọ pé ti ìyá òun ló dùn. Tí wọ́n bá sì sọ pé kó fi ìyàwó náà lọ́rùn sílẹ̀, á ká apá, á ní, "Kó tó dé, a ti ń jẹun." Gbogbo ìgboro ló ń sọ ọ́ báyìí. Àwọn awakọ̀ ń sọ ọ́ síra wọn.

Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ ni Ìyá Ṣèyí, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwa. Òun ló ń bu oúnjẹ fún ọmọ olọ́mọ, òun ló ń là wá níjà, òun ló ń fi etí ìró rẹ̀ nu omijé Peace. Yorùbá rẹ̀ kò já gaara, tó bá sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, méjì á jẹ́ Haúsá, ìyẹn gan-an ló sì mú kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, torí bí àwọn ọmọ wọn nílé ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mọ́tọ́lá lorúkọ ẹni tó ń ṣe é. Jos ni wọ́n bí i sí, Jos ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ náà sí.

Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, Mọ́tọ́lá kì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ kì í kí èèyàn. Tó bá dé láàárọ̀, á fi ojú mọ́ fóònù, á lọ jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó ní tìmùtìmù. Tí ọmọ bá ń sunkún nítòsí rẹ̀, á ní kí wọ́n gbé e kúrò, orí ń fọ́ òun. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí kámẹ́rà tàn! Ojú á là, á gbé ọmọ náà mọ́ra, "Zo nan, ọmọ mi, zo ka ci abinci," pé kó wá jẹun. Gbogbo ilé á máa yọ̀. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mò ń ra ẹ̀pà sínú ọ̀rá fún àwọn ọmọ náà, abẹ́ ìborùn mi ni wọ́n ń sá sí tí òtútù bá mú wọn. Ta ló rí ìyẹn? Mo jowú rẹ̀, Falilat, mo sọ fún ọ láì fi bò.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń dùn mọ́ mi. Àwọn èèyàn á dúró, á bá mi ya fọ́tò, á ní kí n fi ojú burúkú wò wọ́n. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí lára. Mo lọ ra tòmátì, ìyá tó ń tà á kọ̀ kò gba owó lọ́wọ́ mi, ó ní, "Haba, Mama, ki ji tsoron Allah," kí n bẹ̀rù Ọlọ́run, kí n fi ìyàwó ọmọ mi sílẹ̀. Mo ní n kò bí ọmọkùnrin rárá. Ó yíjú sí ìkejì rẹ̀, ó ní, "Ẹ ò rí i, ó tún ń purọ́." Mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti jẹ́rìí pé Ọlọ́run wo ẹ̀yìn tó ń dùn mí sàn, mo ti ń sunkún kí n tó rí i pé ìjọ ń rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ gan-an ti fi Bíbélì bo ẹnu. Tí mo bá bínú, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ète ni mò ń pa. Mo ní kò burú, ọ̀rọ̀ ìta ni, kó ṣáà má wọ ilé mi.

Inúmidùn ti rí ọkọ. Mo mọ̀ pé inú rẹ á dùn, torí ìwọ lo di irun rẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ síléèwé. Richard Ọ̀pádọ̀tun lorúkọ ọmọ náà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lápá Bauchi Road. Ó ní ọ̀wọ̀, ó ń ṣiṣẹ́, tó bá ti rí Inúmidùn, ẹ̀rín rẹ̀ á dé etí. Bàbá rẹ̀ kú kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, iṣẹ́ olùkọ́ sì ń gbé ìyá rẹ̀ kiri abúlé, nítorí náà ìyá bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ta abọ́ tánganran ní Gangare kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Richard ní òun ò lè fẹ́yàwó tí Ìyá Àgbà kò bá súre sí i, n kò sì bá a wí, torí ẹ̀yìn màmá náà ló gbé dàgbà.

O mọ àṣà wa. Kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á ṣe ìwádìí. Mo ní kí wọ́n ṣe é dáadáa, kò sí àbùkù lára wa. Richard lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó fi fọ́tò Inúmidùn han Ìyá Àgbà lórí fóònù, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ní eyín rẹ̀ dára. Ó wá bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́. Richard fi fọ́tò mi hàn án. Wọ́n ní ńṣe ni màmá náà ju fóònù sórí ẹní bí ẹni tó tẹ iná. Ó ní, "Ìyá Oyèdélé rèé!"

Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ilé tí a ti ń ṣe eré náà ní Gangare, ilé tí Ìyá Àgbà gbé fún gbogbo ọdún méjìdínlógójì yẹn nìyẹn. Yàrá kẹta lápá ọ̀tún ni tirẹ̀, inú rẹ̀ ló bí ọmọ mẹ́rin sí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ṣí eré náà fún un lọ́jọ́ kan. Ó rí kànga, ó rí ibi tí ògiri ti là, tó fọwọ́ ara rẹ̀ po sìmẹ́ǹtì dí, ó bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí kì í wò ó. Kò pè é ní eré o. "Ilé" ló ń pè é. Á ní, "Ẹ bá mi tan ilé, kí n mọ bí wọ́n ṣe jí." Lójú tirẹ̀, àwa tí a yá ilé náà lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wa, tí ẹnì kan kàn ń fi fóònù ya wá. Ó mọ ẹni tó gba yàrá òun, Ìyá Ṣèyí ni, ó sì ń dúpẹ́ pé obìnrin náà ń gbá iwájú rẹ̀ mọ́. Èmi, yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga ni wọ́n fi mí sí. Ó ní láyé òun náà, ẹni tó bá gbé yàrá yẹn kì í níwà.

Wọ́n sọ fún un títí. Richard sọ, ìyá Richard sọ, Pásítọ̀ wọn lọ́hùn-ún sọ. Ó bi wọ́n pé ṣé wọ́n rò pé òun ti ń ṣarán ni, ṣé òun kò mọ kànga tí òun fi ọdún méjìdínlógójì pọn ni? Ó ní ẹni tí ìwà kò bá sí nínú rẹ̀ kò lè hù ú síta. A ní ká fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́, kó lè rí mi nínú ilé mi, èmi àti Bàbá Inúmidùn lórí àga. Ìyẹn ló tún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Opó ni Ìyá Oyèdélé nínú eré. Màmá ní, "Ó tún ti lọ gbé ọkọ ọlọ́kọ!"

Mo ní n ó pè é fúnra mi, àgbà ni, tó bá gbọ́ mi á mọ̀. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá bí ẹni pé ó ń rí mi. Mo rọ ohùn mi, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà, Ìyá Àgbà, ara ò le bí?" Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ohùn rẹ̀ nìyẹn. Kó tó dé, a ti ń jẹun." Wọ́n pa fóònù. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí Bàbá Inúmidùn fi wọlé wá bá mi, ó rò pé àdúrà ni mò ń gbà.

Mo wá tọ Jíbọ́lá lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí Ìyá Oyèdélé ronú pìwà dà. Ó ní, "Màmá, inú àwọn èèyàn ń dùn sí Ìyá Ṣèyí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni wọ́n ń tan tẹlifíṣọ̀n dè." Mo sunkún níwájú rẹ̀, àánú mi ṣe é, ó sì kọ ọ́. Mo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, mo kó o fún Peace, mo kúnlẹ̀, mo ní kó dárí jì mí. N kò ṣeré lọ́jọ́ náà rárá. Ẹkún Inúmidùn ni mo sun. Ìyá Àgbà wò ó ní Sátidé, Richard ní ó mi orí, ó ní, "Ó mà lójú àánú." Èmi àti Inúmidùn dìde, a jó yí tábìlì po.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pè mí kí n wá di kọ́kọ́rọ́ kan mú, kí n rẹ́rìn-ín, kí n máa lọ sílé. Mo ṣe é. N kò bi wọ́n pé ibo ni wọ́n fẹ́ fi í sí, ta ló máa ń bi wọ́n? Sátidé ni mo tó rí i pẹ̀lú gbogbo ayé. Àwọn ọ̀gá wọn ní eré ti tutù, àwọn òǹwòran ń ráhùn. Ni wọ́n bá sọ ọ́ di pé ẹ̀tàn ni ìrònúpìwàdà mi, pé mo ti pààrọ̀ àgádágodo kí n tó kó kọ́kọ́rọ́ fún Peace, èyí tó ṣí i wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dáa, kí n má tan ọ́, òun ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn kiri báyìí. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ wá wò ó! Ẹkún rẹ̀ gan-an, jìbìtì ni." Mo bi Jíbọ́lá pé kí ló dé, ojú ilẹ̀ ló ń wò, ó ní ọwọ́ òun kọ́.

O ó ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀! Wọ́n ní abala mọ́kànlá ti wà nílẹ̀ tí a ti gbà sílẹ̀, òun ni wọn yóò máa fi hàn títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún tó ń bọ̀. Èmi jókòó sílé lóòótọ́, Ìyá Oyèdélé kò jókòó. Sátidé tó kọjá, mo ń gé ilá fún ọkọ mi nílé, mo sì ń rí ara mi lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tí mo ti ń da iyọ̀ sọ́bẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kọjá agbára mi nìyí. Ìyá Àgbà bi Richard pé nínú gbogbo ilé yẹn, ṣé kò sí obìnrin rere kan tó bí ọmọ ni? Ẹ̀rù ti ń ba Richard pé yóò sọ pé rárá pátápátá, ó ní, "Ó wà, mà. Mo ṣi fọ́tò fi hàn yín ni. Ọmọ Ìyá Ṣèyí ni Inúmidùn." Wọ́n ní màmá tí kì í dá dìde mọ́ dìde, ó jó. Ó ní òun á wá sí Jos fúnra òun, òun á fọwọ́ ara òun gba ìyàwó, òun á sì rí yàrá òun kí òun tó kú. Dókítà ní kó má rìn jìnnà, ó ní dókítà kọ́ ló bí òun. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìdána sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, inú àgbàlá Gangare yẹn la ó sì ti ṣe é, torí ibẹ̀ ló ní òun fẹ́. Jíbọ́lá bá wa gba ilé náà, ó búra pé kámẹ́rà kan kò ní wọ ibẹ̀.

Richard wá jẹ́wọ́ fún wa, ó dọ̀bálẹ̀, kò dìde títí Bàbá Inúmidùn fi fà á dìde. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá, obìnrin jẹ́jẹ́, ẹgbẹ́ mi, ó kúnlẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ní, "Ìyá Inúmidùn, ẹ ṣàánú wa. Ọjọ́ kan péré." Ní ọjọ́ kan péré yìí, kí n jẹ́ kí Mọ́tọ́lá jókòó sípò mi, kó jẹ́ ìyá ìyàwó. Mo wo Bàbá Inúmidùn, mo ní á bá mi bínú. Orí ló ń họ. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí àgbà ló wá wọ́ yìí, kí la fẹ́ ṣe?" Mo wo Inúmidùn, kò wò mí. Ó ní, "Màámi, ohun tí ẹ bá sọ náà ni." Ọmọ tó bá fẹ́ kí n kọ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò lè ṣi ohùn rẹ̀ gbọ́.

Mo ní kò burú. Kí ni n bá sọ? Mo wá ẹni tí n ó bínú sí, n kò rí. Ṣé Ìyá Àgbà ni, arúgbó tó ń ṣàárò yàrá rẹ̀? Ṣé Richard ni, tí ìfẹ́ ọmọ mi mú purọ́? Mo bi í pé lẹ́yìn ìdána ńkọ́? Ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Tí Ọlọ́run bá fún wọn lọ́mọ tí Ìyá Àgbà sì wà láàyè, n kò sì ní gbàdúrà pé kó kú láé, ṣé ẹ̀yìnkùlé ni n ó máa gbà wọlé wẹ ọmọ-ọmọ mi? Ó ní, "Màmá, a ó máa wò ó." Kí ni a ó máa wò? Ó sú mi, Falilat. Ó sú mi gan-an.

Èmi àti Bàbá Inúmidùn ló lọ bẹ Mọ́tọ́lá nílé rẹ̀. Mo ti rò pé á kọ̀, mo tilẹ̀ ti gbàdúrà lọ́nà pé kó kọ̀. Ó pa fóònù rẹ̀, ohun tí n kò rí i kó ṣe rí, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wa dópin. Ó wá ní, "Mama, ni ban taɓa haihuwa ba." Òun kò bímọ rí. Ó ní ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀ fún òun rí, òun kò mọ ohun tí ìyá ń sọ lórí ọmọ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Yorùbá òun kò sì tó àdúrà í gbà. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Ẹ kọ́ mi." Láti ọjọ́ náà, n kò tún wá rí Mọ́tọ́lá bínú sí mọ́, ìyẹn náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi.

Láti Mọ́ńdè ló ti ń wá sílé wa, tí mo ń kọ́ ọ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: ìyàwó á kúnlẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, ìyá á gbọ́wọ́ lé e lórí, á súre. Èyí tí ìyá mi sọ lórí mi ni mo kọ sínú ìwé fún un, mo kọ ọ́ gàdàgbà, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀ kó lè mọ ibi tí ohùn ń gbà. Inúmidùn, ilé ọkọ rẹ á tù ọ́. O ò ní fi ẹkún lọ, o ò ní fi ẹkún bọ̀. Wàá bí akọ, wàá bí abo. Ohun tí o bá dáwọ́ lé á yọrí. Bí ojú mi ṣe rí ọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ á ṣe rí ọmọ tìrẹ. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ń dà á láàmú, Haúsá máa ń yọ wọ̀ ọ́. Mo ní kó rọra, kó máa mí láàárín rẹ̀.

Bàbá Inúmidùn ni yóò jókòó tì í. Èmi á wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú àwọn tó ń dáná, n ó fi ìborùn bo ojú. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún nìyí: dákun, wá. N kò fẹ́ aṣọ, n kò fẹ́ ẹ̀bùn, kí o ṣáà wá bá mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná yẹn, kí n ní ẹnì kan tó mọ ẹni tí mo jẹ́. Bá mi kí Bàbá Lááwàlì, kí Lááwàlì àti ìyàwó rẹ̀, kí o fẹnu ko ọmọ náà lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Kí àwọn ìyá tí a jọ ń gbé Gangare tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ti padà sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n má sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

Mo dá ìwé yìí dúró níbí nítorí Mọ́tọ́lá kan ilẹ̀kùn. Ó ti lọ báyìí. Òní ni a kọ́kọ́ fi Inúmidùn sí i. Mo gbé àga méjì sáàárín pálọ̀, Mọ́tọ́lá jókòó sórí ọ̀kan, Inúmidùn kúnlẹ̀. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo di ìwé náà mú, kí n lè rán an létí níbi tó bá ti gbàgbé. Kò gbàgbé ibì kan. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre náà láti òkè dé ilẹ̀, Haúsá kankan kò wọ̀ ọ́, nígbà tó dé ìlà tó kẹ́yìn, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ n kò kọ́ ọ ní ìyẹn. Inúmidùn bú sẹ́kún, ó dì mọ́ orúnkún rẹ̀, ó ní, "Àmín, màámi." Mọ́tọ́lá gbójú sókè wò mí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣe é dáadáa. Mo ní ó ṣe é dáadáa. Ó ṣe é dáadáa, Falilat.

                                        Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ń retí rẹ,
                                        Christianah,
                                        Ìyá Inúmidùn.